Wáyà Mẹ́ta fún Àkọsílẹ̀ Bàbá Yín

Ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní igun iyàrá yín, tí bàbá yín tó ti dolóògbé fi ń tẹ wááṣí wọn, àti àkọsílẹ̀ gbèsè tí wọ́n jẹ àti èyí tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n. Ibi tí à ń ki díìsìkì bọ̀ ti bàjẹ́, kò sì ní ojú USB rárá. Ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í pín ogún kí a tó san gbèsè òkú.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí ibì kan tó ní ẹsẹ̀ tín-ín-rín 9, 5 lókè, 4 nísàlẹ̀. (Ti ẹlẹ́sẹ̀ 25 yàtọ̀; ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ìlànà RS-232 tó ń tẹ̀ lé ti wà láti ọdún 1960. Ẹsẹ̀ 3 ni ẹnu rẹ̀, 2 ni etí rẹ̀, 5 sì ni ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà méjèèjì jọ dúró lé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á so 2 mọ́ 2, 3 mọ́ 3, àwọn méjèèjì á wá máa sọ̀rọ̀ sí ara wọn lẹ́nu, kò ní sí ẹni tó gbọ́. Ẹ so 2 mọ́ 3, 3 mọ́ 2, 5 mọ́ 5.

Orí oníhò 9 méjì ni ẹ ó rà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí pé bí ẹ bá yí i sẹ́yìn, ọ̀tún ti di òsì. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sí ẹnu wáyà, kí ẹ tó fi irin gbígbóná tí àwọn atúnrédíò-ṣe ń lò kàn án mọ́ orí náà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta ti tó. Bí ó bá pẹ́ jù, ike yóò yọ́. Ẹ ṣí fèrèsé, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀.

Ní orí ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ tún so 7 mọ́ 8, kí ẹ sì so 1, 4 àti 6 pọ̀. DOS kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìgba àṣẹ; ìsopọ̀ yìí ni àṣẹ náà.

Kọ̀ǹpútà òde òní kì í sábà ní ojú RS-232 mọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó ń so ó pọ̀ mọ́ USB wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí ìyára ìhà méjèèjì jẹ́ 9600. Létà bíi 960 ni yóò máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwé tó ní létà 300,000 yóò gbà tó ìṣẹ́jú 5. Ẹ ka ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn èyí tó dé kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, nítorí ó lè máà tún tàn mọ́.