"Antioxidant" àti jẹjẹrẹ ọmú: òótọ́ wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn olóògùn inú ọkọ̀?

Ẹni tó bá ń wọ mọ́tò láti Ìṣẹ́yìn wá sí Ìwéré-Ilé mọ àwọn olóògùn inú ọkọ̀ dáadáa. "Antioxidant" ti wọ ẹnu wọn báyìí: wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní obìnrin tó bá ń lò ó ò ní ní jẹjẹrẹ ọmú láéláé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ irọ́ tí wọ́n fi lé e lórí ló pọ̀ jù.

Bí ara wa bá ń lo oúnjẹ àti afẹ́fẹ́, àwọn nǹkan kan máa ń ta jáde, bí igi ìdáná ṣe máa ń ta iná síni lára. Wọ́n lè ba ara jẹ́ látinú. Antioxidant ni àwọn èròjà tó ń paná wọn. Èyí tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ọmú ni carotenoid, èròjà tó fún epo pupa, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti tòmátò ní àwọ̀ wọn. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú náà, àwọ̀ ewé ló bò ó mọ́lẹ̀. Ara wa ò lè ṣe é fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́.

Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí 8 pọ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ obìnrin 3,055 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wé ti 3,956 tí kò ní in. Ewu àwọn tí carotenoid pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fi bí ìdá 19 nínú 100 dín sí ti àwọn tí tiwọn kéré jù. Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ rẹ̀: bí 100 bá ṣàìsàn yìí láàárín àwọn tí tiwọn kéré jù, bí 81 á ṣì ṣe é láàárín iye obìnrin kan náà tí tiwọn pọ̀ jù. Ṣé èyí wá jọ "láéláé" tí wọ́n ń pariwo?

Àǹfààní ọ̀hún tún hàn jù lórí irú jẹjẹrẹ tí oògùn tó ń dènà ẹ́sítírójìn kì í ràn. Ìyẹn kàn wá gan-an, torí ìwádìí tó jáde lọ́dún 2009 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal fi hàn pé irú yẹn wọ́pọ̀ láàárín wa. Àmọ́ òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́dún 2012, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé carotenoid fúnra rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà.

Hóró oògùn wá ńkọ́? Ní Finland, wọ́n fún àwọn kan lára ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá ní beta-carotene oníhóró. Lọ́dún 1994, àbájáde jáde: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Lóòótọ́, ọkùnrin ni wọ́n, kì í sì í ṣe ọmú. Síbẹ̀, ohun tí ìbẹ́pẹ ń ṣe lára, hóró lè má ṣe é.

Owó olóògùn yẹn, ẹ fi ra ẹ̀fọ́. Ẹ fi epo díẹ̀ sè é, torí epo ló ń jẹ́ kí carotenoid wọ ara. Epo tí ẹ bá yọ́ títí tó fi funfun, carotenoid inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin àbúrò wa obìnrin, ẹ̀fọ́ kì í tú kókó ọmú o. Kókó ọ̀hún lè má dunni rárá, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pẹ́ nílé. Ẹni tó bá rí kókó, tàbí tí orí ọmú rẹ̀ ń wọlé tàbí ń sun ẹ̀jẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kó ní kí wọ́n kọ̀wé fún òun lọ sọ́dọ̀ dókítà tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìbáà jẹ́ UCH n'Ìbàdàn. Ọ̀nà jìn lóòótọ́, àmọ́ kókó náà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.