Ta Ló Kọ́kọ́ Fi Etí Ṣe Táímìnì?

Toyota Corolla kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mọníyà n'Ìbàdàn láìpẹ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tí wọ́n pè dé tòun ti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, ó ki wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì tẹjú mọ́ àwọn nọ́ńbà tó ń yọ lójú ẹ̀rọ náà. Kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà wò ó títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ̀rọ ló ń sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò fún yín. Nígbà tiwa, mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń wí tẹnu rẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì fìdí kalẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má gùn, mọ́tò ti pẹ́ nílẹ̀ wa: ọ̀nà mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti là ní 1906. Oníṣòwò Ìbàdàn nì, Sàlámì Àgbàjé, ti ń fi lọ́rí kó ẹrù kí ogun Hitler tó dé. Nígbà tó sì di 1975, Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó ti ń to mọ́tò nílẹ̀ wa níbí.

Iṣẹ́ tí bàbá ń sọ, fífi etí ṣe táímìnì, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná, kì í ṣe idán. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń mu pẹtiróòlù, plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣáná díẹ̀ kí písítìnì tó kan òkè, nítorí iná náà kì í ràn tán lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún kà-kà-kà bí mọ́tò bá ń gun òkè. Bí ó bá pẹ́ jù, mọ́tò á wúwo, á gbóná, á sì máa jẹ epo dànù. Kọ́ńtáàtì kékeré kan tó ń ṣí tó ń pa dé nínú disitíbútọ̀ ló ń pàṣẹ fún iná náà. Nínú Volkswagen Ìjàpá, àlàfo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.4 mílímítà lọ. Bí kọ́ńtáàtì náà ṣe ń jẹ ni táímìnì ń yẹ̀, òun ló fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. Kábúrétọ̀ ní tirẹ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, nǹkan bíi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 15 sí ìwọ̀n epo 1.

Ta ló wá kọ́ àwọn ará ìgbèríko láti máa fi etí lásán wọn gbogbo èyí? Ibẹ̀ ni ìjà wà o.

Bàbá Mọníyà ní àwọn ọmọ ogun tó ti Burma dé lẹ́yìn ogun Hitler ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣọ́jà ló kọ́ àwọn ọmọ ogun náà ní wíwa mọ́tò àti títún un ṣe, nígbà tí ogun sì parí, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Lálúpọn, bàbá mìíràn tó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì tọ́mọ yege sì rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní irọ́ funfun báláú ni. Àwọn ọmọ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó ló ni ín, àwọn ọmọ SCOA tó ń ta Peugeot àti ti Mandilas tó ń ta Volkswagen.

Wọ́n wá sọ ìtàn kan tí mo gbà pé wọ́n ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní lọ́rí Bedford kan, bọ́lẹ̀kájà onípákó, ló ń kó kòkó bọ̀ láti ìhà Àkànrán. Òkè dé, lọ́rí kọ̀. Awakọ̀ bu omi sí rédíétọ̀, ó gbàdúrà, ó bú ẹni tó ta epo fún un. Mọ́tò bọ́ì rẹ̀, ọmọ tó ti gbálẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ní kí ọ̀gá máa tẹ iná díẹ̀díẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì ìdí disitíbútọ̀, ó dì í mú, ó sì ń yí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Ó yí i títí ohùn rẹ̀ fi já gaara, ó dá a padà bíńtín, ó dè é. Lọ́rí gun òkè. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní, kò sí awakọ̀ tó tún gbà kí wọ́n fi irin wọn táímìnì òun. Nígbà tí mo padà ròyìn fún bàbá Mọníyà, wọ́n ní àwọn mọ ìtàn náà dáadáa, àmọ́ ọmọ ogun tó ti Burma dé ni mọ́tò bọ́ì ọ̀hún! Awakọ̀ kan tó ń gbọ́ wa dá sí i pé awakọ̀ lọ́rí 911 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A kò dá a lóhùn. Dísẹ́ẹ̀lì ni 911 ń mu, kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní kábúrétọ̀.

Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá méjèèjì. Ṣọ́jà àti òyìnbó oníṣòwò, irin ìwọnlàfo àti ìwé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní irin ló ń fi etí ṣiṣẹ́. Ní abúlé, bébà líle tí wọ́n fà ya lára páálí sìgá ni wọ́n ń ki sáàárín kọ́ńtáàtì, sáńpépà ni wọ́n fi ń họ ọ́ mọ́, gílóòbù kékeré sì ni wọ́n ń so mọ́ kọ́ìlì láti mọ ìgbà tí iná fẹ́ ṣẹ́. Wọ́n á tú plọ́ọ̀gì wò: bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù, bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n ń fẹ́. Àìní ló bí ọgbọ́n yìí.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan là ń jà lórí irú nǹkan báyìí. Àwọn ará Họ́ngárì ní Donát Bánki àti János Csonka ló kọ́kọ́ ṣe kábúrétọ̀ tó ń fẹ́n epo, ìwé àṣẹ tiwọn jẹ́ ti oṣù kejì 1893. Àwọn ará Jámánì ní Wilhelm Maybach ni, ẹni tí ìwé àṣẹ tirẹ̀ jẹ́ ti oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù ní Họ́ngárì ni pé ọmọbìnrin olódòdó kan ló ń fẹ́n omi sára òdòdó tí ọgbọ́n náà fi sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó bá ti rí alágbàfọ̀ wa tó ń fi ẹnu fẹ́n omi sórí aṣọ kó tó lọ̀ ọ́ kò ní sọ pé irọ́ ni.

Lónìí, Micra tó gba Ìbàdàn kan kò ní kábúrétọ̀. Brénbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló ń pín epo fún un, òun náà ló ń pàṣẹ iná. Bí brénbọ́ọ̀sì bá bàjẹ́, wọ́n á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ra òmíràn ní ọjà àlòkù. Mo mọ̀ pé epo tó wọ́n láti 2023 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ Peugeot 504 mọ́. Síbẹ̀, ó ń dùn mí pé ọmọṣẹ́ lè gba fíríìdọ̀mù lónìí láìtíì gbọ́ bí táímìnì tó yẹ̀ ṣe ń dún.

Kábúrétọ̀ kò tíì kú tán. Ó wà lára ọ̀kadà, ó wà lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo ní ilé gbogbo lálẹ́. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo bá ọmọṣẹ́ kan tó ń yí skúrù jẹnẹrétọ̀ wọlé, tó ń yí i jáde, tó dẹ etí sílẹ̀. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun ni. Ọ̀gá náà ní ara 504 ni wọ́n ti kọ́ òun, bàbá kan tó ti kú ló sì kọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní bàbá yẹn ti gbé Èkó rí. Ìyàwó ọ̀gá ní rárá o, Kùmásí ni.