Ọjọ́ Mélòó Lẹ Máa Lò Lọ́dọ̀ Wa?

Ní Èjìgbò tí wọ́n ti bí mi, ta ló jẹ́ bi àlejò léèrè ọjọ́ tó máa padà? Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á ní ó ń lé àlejò. Omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, oúnjẹ á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ohun tó gbé e wá á sì dúró dìgbà tó bá jẹun tán, tàbí dìgbà tóun fúnra rẹ̀ bá dá a sílẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni mo bá ní Bodokro tí mò ń gbé báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń gba ọ̀rẹ́ ẹbí sínú ilé tí kò fẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìlú kékeré ni Bodokro, lábẹ́ Béoumi, ní apá ìwọ̀ oòrùn Bouaké. Àwọn Baoulé ló ni ilẹ̀. Àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anango, ti pẹ́ ní Côte d'Ivoire. Ará Èjìgbò pọ̀ nínú wa débi pé bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan tààrà. Aṣọ àti ike ni mò ń tà lọ́jà. Iyàrá kan àti pálọ̀ la ní, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìwẹ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire, tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn òbí mi láti kékeré pè pé àwọn àti ọmọ wọn ọkùnrin ń bọ̀. Kí wọ́n tó di ẹrù ni mo ti sọ ohun gbogbo fún wọn lórí fóònù. Mo ní ẹ̀yin ìyá àti bàbá lẹ máa sun iyàrá, ọmọ á bá wa sùn ní pálọ̀ lórí ẹní. Mo ní ọyẹ́ ń jà, kí wọ́n mú aṣọ ìbora àti òrí dání. Mo ní kí wọ́n má gbàgbé páàsìpọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, nítorí ẹnubodè tí wọ́n máa kọjá pọ̀: Sẹ̀mẹ̀, Lomé, Elubo títí dé Noé. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ gbọ́dọ̀ pé. Àlejò tó bá ti mọ ohun tó máa bá kì í fajú ro nígbà tó bá bá a.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, kí wọ́n tó tú ẹrù, mo mú wọn lọ kí onílé wa. Baoulé ni, àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Nanan. Ó fún wọn níjòókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Nígbà tí wọ́n mu omi tán ló wá béèrè ìròyìn, èyí tí àwọn Baoulé ń pè ní amanien. Ìbéèrè pàtàkì ni. Àlejò á sọ ibi tó ti wá, ohun tó bá wá àti ìgbà tó máa lò, gbogbo ará ilé á sì gbọ́. Bàbá dáhùn, ọkọ mi ń túmọ̀ rẹ̀: àlàáfíà la bá wá, bọ́ọ̀lù la fẹ́ wò, a fẹ́ rí adágún, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá lè béèrè láìtijú ti yanjú ní ojú àgbà, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Ní orílẹ̀-èdè tí ogun pín sí méjì ní ọdún 2002, ó dára kí àdúgbò mọ ojú àjèjì.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ní ọdún 2018, adágún Loka tó ń fún Bouaké lómi gbẹ, títí ìjọba fi ń fi ọkọ̀ pọn omi káàkiri ìlú. Ẹni tó bá rí ọdún yẹn kò ní fi omi ṣòfò mọ́. Mo fi korobá han àwọn àlejò mi, mo ní èyí ni ti ìwẹ̀, èyí ni ti ìdáná. Màmá ní kí n fún òun níṣẹ́, mo sì fún wọn. Àwọn ló ń gún iyán fún wa, èmi ń se ọbẹ̀. Àwọn kan ń fi àlejò ṣe ẹyin, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Nínú ilé bíi tiwa, irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ni èèyàn lára: àlejò ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí, onílé náà ò sì sinmi. Àárọ̀ tí mo bá lọ sọ́jà, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n lè ní àkókò tiwọn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì la lọ wo Nàìjíríà àti South Africa ní Stade de la Paix ní Bouaké. Troost-Ekong fi pẹnárítì gbá tiwa wọlé. Nígbà tí Osimhen tún gbá òmíràn wọlé, rẹfirí lọ wo fídíò, ó fagi lé e, ó sì fún South Africa ní pẹnárítì. Ó di 1–1. Màmá dìde, kò jókòó mọ́ títí aṣọ́lé wa Nwabali fi mú bọ́ọ̀lù méjì nínú pẹnárítì ìparí tí a fi borí pẹ̀lú 4–2. A ò padà sí Bodokro lóru yẹn. Ọ̀dọ̀ ará Èjìgbò kan ní Bouaké la sùn.

Ọjọ́ adágún ni mo fẹ́ràn jù. Adágún Kossou, tó tóbi jù ní Côte d'Ivoire, kò jìnnà sí Béoumi. Ìdídò tí wọ́n ṣe sórí odò Bandama ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló dá a sílẹ̀. Abúlé Baoulé rẹpẹtẹ wà lábẹ́ omi náà, àwọn tó ju 70,000 lọ ló sì ṣí kúrò nílé. Apẹja Bozo láti Mali wà lára àwọn tó ń pẹja níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ọkọ̀ onípákó wà wá. Kó tó tì í kúrò létí omi, ó sọ ibi tí olúkúlùkù máa jókòó, Bàbá láàárín nítorí wọ́n sanra, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dìde. Kùkùté igi wà nínú omi láwọn ibì kan. Mo ti bá wa wá ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀wẹ̀ nínú wa. Ọmọkùnrin yẹn ń gbọ́n omi tó ń wọnú ọkọ̀, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, a tún lọ sọ́dọ̀ Nanan láti tọrọ ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: àlejò kì í dìde kó máa lọ, ó máa ń gbàṣẹ. Nanan ní ìdajì ọ̀nà lòun fún wọn, kí wọ́n padà wá gba ìdajì yòókù. Bàbá ní Àjíǹde ọdún tó ń bọ̀ làwọn máa wá gbà á. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ìgbà Àjíǹde ni àwọn Baoulé máa ń ti Abidjan wọ́ wá sí abúlé wọn, Paquinou ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ á kún, owó ọkọ̀ á lọ sókè, ilé Nanan náà á sì kún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ló dáa, nígbà tí iṣu tuntun bá ti wọlé.