Ṣé ìdènà orí fóònù lè gba ẹni tí búlúù fíìmù ti di bárakú fún?

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gbé e pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ìyá á rí i pé ọmọ òun kì í sùn lóru mọ́, á gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó bá níbẹ̀ á mú kó káwọ́ lérí. Ìyàwó á jí lóru, á bá ọkọ ẹ̀ ní pálọ̀, iná fóònù ń tàn sí i lójú. Èyí tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ rárá ni ti bàbá àgbà tí wọ́n ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ariwo àti ẹkún, ohun tí gbogbo wọn máa ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kò sí nǹkan téèyàn lè fi sínú fóònù yìí tí kò ní jẹ́ kó ṣí ìkànnì oníhòòhò mọ́?

Ó wà. Ó pọ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n kó wà lọ́tọ̀, kó ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Ohun tó lè ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ló lè ṣe fún ọkùnrin ẹni ogójì ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì ló máa mọ ibi tí olè lè gbà wọlé. Gbogbo ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, bí ilé ṣe ní nọ́ńbà lójúlé. Tí ẹ bá tẹ orúkọ ìkànnì kan, fóònù yín á kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó mọ àdúgbò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé lágbájá dà?" Ìdènà tó rọrùn jù lọ á yí fóònù náà sọ́dọ̀ afọ̀nàhàn mìíràn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti béèrè ilé oníhòòhò lọ́wọ́ ẹ̀, á ní kò sí ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Iléeṣẹ́ Cloudflare gbé irú ẹ̀ kan jáde lóṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù Android tó bá jẹ́ ẹ̀dà kẹsàn-án sókè ní ibì kan nínú Settings tí wọ́n ń pè ní Private DNS. Tí ẹ bá ti kọ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ti Google, ìyẹn Family Link, yàtọ̀ díẹ̀: láti orí fóònù òbí ni wọ́n ti ń darí fóònù ọmọ, òbí á mọ áàpù tí ọmọ fẹ́ gbà sílẹ̀, á sì lè ti fóònù náà pa tó bá ti di àkókò oorun. Àwọn tó ń lo iPhone ní Screen Time, tó ti wà níbẹ̀ látọdún 2018.

Fún ọmọ kékeré, mo fara mọ́ ọn kí ẹ ṣe é lónìí. Ọmọ tó ń wá eré bọ́ọ̀lù tàbí bèbí tó ń jó lè ṣèèṣì kọsẹ̀ lára ohun tí ojú ẹ̀ ò tíì yẹ kó rí, ìdènà sì lè gbà á lọ́wọ́ ìkọsẹ̀ yẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìkànnì nìkan ni afọ̀nàhàn yìí mọ̀. Kò mọ ohun tó ń lọ nínú WhatsApp. Fídíò tí wọ́n jù sínú gúrúùpù àwọn ọmọ kíláàsì, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Telegram, èyí tí ọ̀rẹ́ kó sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún un, wẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, tí owó dátà ti wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ a máa pín fídíò láti fóònù dé fóònù. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ mọ VPN, tó máa ń gbé wọn gba ọ̀nà mìíràn. Private DNS tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yìí, ọmọ tó mọ ibi tó wà lè yọ ọ́ kúrò kí ìyá ẹ̀ tó bu omi tán lámù.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú èyí tó ju ti inú ilé lọ. Lọ́dún 2013, David Cameron, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà, kéde pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì máa gbé ìdènà síwájú gbogbo ilé, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ ló máa sọ pé kí wọ́n yọ tòun. Nígbà tó di ọjọ́ 25, oṣù keje, ọdún 2025, òfin tuntun wọn mú un ní dandan káwọn ìkànnì oníhòòhò rí ẹ̀rí ọjọ́ orí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, áàpù VPN ló gba iwájú nínú àwọn áàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbà sórí iPhone lọ́hùn-ún.

Andrew Przybylski àti Victoria Nash ní Yunifásítì Oxford ti yẹ ọ̀rọ̀ ìdènà inú ilé yìí wò, àbájáde ìwádìí wọn sì jáde lọ́dún 2018. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àtàwọn tó ń tọ́ wọn ní Yúróòpù ni wọ́n wo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n rí i pé nínú ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ máa bá nǹkan oníhòòhò pàdé, ó ju ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí kò kan ìdènà rárá. Ìṣirò wọn ni pé ó máa gba kí ilé 17 sí 77 lo ìdènà kó tó gba ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ rọra ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé tẹ́ ẹ kọ́ lẹ fi ìdènà dí yẹn. Àwọn àgbà wa ti sọ tipẹ́ ohun tí ọmọ tẹ́ ò kọ́ máa ṣe fún un.

Ẹ má sì rò pé kéèyàn ṣáà fún un le sí i ni. Kaiser Family Foundation ní Amẹ́ríkà dán èyí wò lọ́dún 2002. Nígbà tí wọ́n gbé ìdènà sí ibi tó rọ̀ jù, ó dí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìkànnì oníhòòhò, ó sì ṣèèṣì dí ìdá 1.4 nínú àwọn ìkànnì ìlera. Wọ́n fún un le dópin, ti oníhòòhò kàn gòkè dé 91 ni, àmọ́ ti ìlera fò dé 24. Ẹ̀rọ ti gbọ́n sí i láti ìgbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó ń wá ìmọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn ṣì lè bá ilẹ̀kùn ní títì nílé ara ẹ̀.

Ó wá ku àgbàlagbà tó fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jáwọ́, tí kò sì lè jáwọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí ìwé tuntun tí wọ́n to orúkọ àìsàn sí lóṣù karùn-ún ọdún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìlèkóra-ẹni-níjàánu nídìí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lè di àìsàn. Wọn ò tò ó pọ̀ mọ́ bárakú ọtí àti igbó o, abẹ́ àìlèkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n fi í sí. Ohun tí wọ́n ní kí dókítà wò ni bóyá ó ti tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá ẹni náà ti gbìyànjú títí láti jáwọ́ tí kò ṣeé ṣe, bóyá iṣẹ́, ìlera àti ìdílé ẹ̀ ń bàjẹ́ lọ, bóyá kò tiẹ̀ gbádùn ẹ̀ mọ́ tó ṣì ń ṣe é. Wọ́n tún fi kún un pé tó bá jẹ́ ìtìjú tàbí ẹ̀rí-ọkàn tó ń dá a lẹ́bi nìkan ló ń dà á láàmú, ìyẹn ò tó láti pè é ní aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa, níbi tí ọ̀dọ́ tó wo fídíò lẹ́ẹ̀méjì lóṣù ti máa ń rò pé ayé òun ti bàjẹ́.

Kí ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó jẹ́ àìsàn lóòótọ́? Crosby àti Twohig ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2016. Ọkùnrin 28 ni wọ́n kó jọ. Ìjókòó méjìlá ni wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kọ́ wọn láti má ṣe bá èrò náà jìjàkadì, kí wọ́n jẹ́ kó wá kó sì lọ, kí wọ́n sì máa ṣe ohun tó ní láárí láyé wọn. Wíwò àwọn tó kọ́kọ́ gbàtọ́jú fi ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, ti àwọn tó ṣì ń dúró de ìtọ́jú fi 21 dínkù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí gbogbo wọn gbàtọ́jú tán, ìdá 35 ni kò wò ó mọ́ rárá. Ìwádìí kékeré ni, ọkùnrin nìkan ló sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé inú èèyàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú fóònù.

Síbẹ̀ mi ò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ìdènà nù. Ó máa ń ra àkókò fún un. Ìfẹ́ yẹn a máa ru sókè bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná, tí wọn ò bá kó igi sí i, á rọlẹ̀. Tí ìdènà bá dá a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè rántí pé oorun ló ń kun òun, tàbí pé àríjà tòun àti ọ̀gá níbi iṣẹ́ ló ṣì wà lọ́kàn òun. Àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, kó má sì jẹ́ òun ló máa mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ní tèmi, kó má tún jẹ́ ìyàwó ni wọ́n máa kó o fún. Ìyàwó tó ń ṣe ọlọ́pàá ọkọ, ìjà ló máa bí. Ọ̀rẹ́ àtàtà tàbí ẹ̀gbọ́n tó lè pa ẹnu mọ́ dára jù.

Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin ọmọ tó ń tọ́jú wọn, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí bàbá tí kò sírú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ rí bá déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í wo búlúù fíìmù tọ̀sán-tòru, tàbí tó ń ta tẹ́tẹ́, tó ń náwó bí ẹlẹ́dà, ẹ kó oògùn tó ń lò jáde kẹ́ ẹ tó pe ìpàdé ẹbí. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fún ẹni tó ní àrùn Parkinson, tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, bíi pramipexole àti ropinirole, lè fa irú ìwà yìí. Bákan náà, lọ́dún 2016, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa aripiprazole, oògùn ọpọlọ. Ẹ má yọ oògùn náà kúrò fúnra yín o, ó léwu. Dókítà tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá, kó dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọmọ lẹ ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí pàṣán wà níbi tó wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Ta ló fi ránṣẹ́ sí ẹ?" Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fóònù nìyẹn, torí àwọn tó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ a máa fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ là á lójú. Ẹ tọ́jú fóònù náà, kẹ́ ẹ sì gba tèṣán lọ. Tó bá jẹ́ àwòrán ọmọdé ló wà níbẹ̀, ẹ má fi ṣọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà láti fi kìlọ̀ fún òbí ẹlòmíì. Òfin Cybercrimes ọdún 2015 nílẹ̀ wa ò gbà á láyè.

Àwọn tó bá fẹ́ rí dókítà lè lọ sílé ìwòsàn Aró l'Abẹ́òkúta, ti Yábàá l'Ékòó, tàbí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH n'Ìbàdàn. Wèrè nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì: ago mélòó ló máa ń ṣẹlẹ̀, níbo, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ìwé yẹn ló máa jẹ́ kí dókítà tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀.