Ojú Mọ́ Gaara, Ṣùgbọ́n Kò Ríran: Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Tètè Yẹ Ojú Ọmọ Wò

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìpàdé àti owó ẹgbẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ojú àwọn ọmọ wa ni, nítorí àṣìṣe kan tí mo ṣe nínú ilé ara mi ṣì ń dùn mí dòní.

Ní 1998, ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé bó bá ti rẹ ọmọ náà, ojú òsì rẹ̀ máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tan iná wo inú ojú rẹ̀, ó ní rẹ́tínà rẹ̀ dára. Ó wá kọ ìwé pé kí a lọ ra awò ojú fún un, kí a sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun tí etí mi gbọ́ ni "ó dára". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ju ìwé náà sínú àpótí. Mo ní ọmọ ọdún márùn-ún wo ni yóò máa wọ awò bí arúgbó? Àwọn àgbà àdúgbò náà ní bó bá dàgbà, yóò fi í sílẹ̀.

Ní 2012, ọmọ náà fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó ka lẹ́tà ara ògiri. Kò rí ju lẹ́tà gàdàgbà tó wà lókè pátápátá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a padà. Nígbà tó délé, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ojú mi kan ò ríran?" N kò rí èsì fún un.

Báwo ni rẹ́tínà ṣe lè dára kí ojú má ríran? N kò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n mo béèrè títí ó fi yé mi. Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn nínú ẹyinjú. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó ń tipasẹ̀ iṣan kan ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló sì ń túmọ̀ ohun tí a rí. Nígbà tí a bá bí ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ríran ni. Bí àwòrán tó ń ti ojú kan wá bá ń ṣe bàìbàì, ọpọlọ yóò pa ojú náà tì, yóò máa gbọ́ ti ìkejì nìkan. Ó dà bí ọmọ ìyá méjì tí bàbá kì í dá ọ̀kan lóhùn: bó bá pẹ́, èyí tí a kò dá lóhùn yóò dákẹ́. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ojú ọ̀lẹ. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu dókítà ni amblyopia. Ọ̀lẹ kọ́ ni ọmọ náà o.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á. Èkíní ni ojú tó wọ́. Èkejì ni kí agbára ojú méjèèjì yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan nílò awò ju ìkejì lọ. Èyí ló burú jù láti mọ̀, nítorí pé kì í hàn síta rárá. Ẹ̀kẹta ni ohun tó dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, bí ìpéǹpéjú tó wó bo ojú, tàbí kataráàtì tí wọ́n bí mọ́ ọmọ.

Àwọn onímọ̀ méjì, David Hubel àti Torsten Wiesel, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ ọpọlọ yìí múlẹ̀ láàárín 1960 sí 1970. Wọ́n pa ojú kan ọmọ ológbò dé fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọpọlọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ojú náà lóhùn mọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ológbò tó ti dàgbà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Láti 1991 ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní OCT ti jáde, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán rẹ́tínà ní ìpele-ìpele, bí ìgbà tí a la àlùbọ́sà. Wọ́n ti fi yẹ ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní àrùn yìí wò. Àwọn olùwádìí kan rí i pé àárín rẹ́tínà ojú ọ̀lẹ nípọn díẹ̀ ju ti ìkejì lọ. Àwọn mìíràn kò rí ìyàtọ̀. Èyí tí wọ́n rí náà kéré débi pé kò lè jẹ́ òun ló gba ìríran lọ́wọ́ ọmọ. Òótọ́ ni dókítà 1998 sọ. Èmi ni mo gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìtọ́jú wà, ó sì rọrùn. Awò ojú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó, wọ́n á bo ojú tó ríran dáadáa, kí ọpọlọ lè padà gbọ́ ti ìkejì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2003, fi hàn pé fún ọmọ tí tirẹ̀ kò le jù, bíbò ó fún wákàtí 2 lóòjọ́ ń ṣiṣẹ́ bíi ti wákàtí 6. Oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí ojú tó dára, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó pé ọdún méje ló dára jù. Ó ṣì lè ran àwọn kan lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò dà bíi ti ìgbà èwe. Ẹ má ṣe dá bo ojú ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe é, kí ẹ má baà ba èyí tó dára jẹ́.

Ní 2021, ọmọ ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́rin. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara, kò wọ́. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀ náà. Ojú kan ń ṣe bàìbàì! Ó gba awò, wọ́n sì ń bo ojú kejì. Ó sunkún, ó ń já a dànù, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi í ṣẹ̀sín. Àbúrò ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin mi yẹn, ló ń bá a lẹ̀ ẹ́ mọ́jú ní ìrọ̀lẹ́, tó ń jókòó tì í títí wákàtí méjì yóò fi pé. Lónìí, ojú méjèèjì ló fi ń kàwé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbà kí ẹ bo ọ̀kan, tó ń sunkún tó ń ti ọwọ́ yín dànù bí ẹ bá bo ìkejì, ẹ gbé e lọ. Bí kò tilẹ̀ sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò kó tó wọ ilé ìwé. Bí ẹ bá rí i tí inú ẹyinjú ọmọ ń tàn funfun, ẹ má dúró di ọ̀la. Ó lè jẹ́ kataráàtì, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú rẹ́tínà. Tìróò kò lè tún un ṣe. Omi ọyàn àti ìtọ̀ tí àwọn kan ń kán sójú, ewu ni. Àárín Kàdúná wa níbí ni National Eye Centre wà. Àwọn mìíràn ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí dókítà bá sì ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.