Ìwúre Ọjọ́ Ọdún Nínú Ilé Onígbàgbọ́



Nígbà tí a bá ń ka àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, a kì í gbàgbé oríkì, ìjálá, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀ àti ẹkún ìyàwó. Ẹ̀yà kan wà tí a kì í sáábà kà mọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdọọdún ni à ń gbọ́ ọ. Òun ni ìwúre tí bàbá tàbí ìyá àgbà máa ń ṣe fún àwọn ará ilé Onígbàgbọ́ ní ọjọ́ Kérésìmesì, ní ọjọ́ Àjíǹde àti ní òwúrọ̀ ọdún tuntun. Èrò tèmi ni pé ìwúre àtayébáyé ni ìhun rẹ̀. Ohun tí Bíbélì fún un ni ẹ̀rí tuntun tí ó fi ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni àdúrà àti àmín ti wọ inú èdè wa. Èdè Lárúbáwá ni orírun wọn. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844, àti nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì tí ó jáde lódindi ní 1884, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu ará ìlú ni wọ́n gbà lò. Ìwúre ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ abínibí. Àṣẹ ni a ń dáhùn sí i tẹ́lẹ̀; àmín ni Onígbàgbọ́ ń dáhùn.

Nínú ìwé àdúrà, àlùfáà yóò ka àdúrà gígùn tán, ìjọ yóò sì ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan ní ìparí. Gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘kí’ ni ó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Nínú ilé, gbólóhùn kúkúrú ni àgbà ń sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àmín tirẹ̀: ilé yín yóò rójú, ọ̀nà yín yóò là, ẹ kò níí fi ẹkún ṣọdún. ‘Yóò’ àti ‘kò níí’ ni òpó ìwúre. Ẹni tí ń wúre ń sọ ohun tí yóò ṣẹ, àwọn elégbè sì ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí wọ́n bá dákẹ́, ìwúre kò lè tẹ̀ síwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ẹ̀rí tí a fi ń ti ire náà lẹ́yìn. Níbi ìsọmọlórúkọ àtijọ́, inú orúkọ ohun èlò ni a ti ń rí i: orógbó, kí ọmọ lè gbó, obì, kí ó lè bi ibi sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ti pa àwọn wọ̀nyí tì, wọ́n sì di oyin, iyọ̀ àti omi mú. Síbẹ̀ àyè ẹ̀rí kò ṣófo. Ìtàn Bíbélì ti bọ́ sí i. Bí ìyẹ̀fun opó Sáréfátì kò ti tán nínú ìkòkò, oúnjẹ kò níí tán nínú ilé yìí. Bí a ti yí òkúta kúrò lẹ́nu ibojì Jésù, a ó yí ìdènà kúrò lójú ọ̀nà yín. Irú ìhun yìí ni ọfọ̀ ń lò nígbà tí ó bá fi ìwà òkun tàbí ọ̀sà ṣe ẹ̀rí. Ẹ sì kíyè sí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ‘tán’ tàbí ‘yí’, ni ó wà ní apá méjèèjì. Àwítúnwí yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ìró orógbó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìwúre báyìí kì í sí nínú ìwé. Bí àgbà bá lọ, tirẹ̀ a bá a lọ. Ní àwọn ilé kan, ọmọ mọ àmín, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ń ṣe àmín sí. Nítorí náà ni mo fi ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n gba ohùn àwọn òbí wọn àgbà sílẹ̀ ní ọjọ́ ọdún gan-an, láàárín àwọn ará ilé. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀ tí ó yọ àmín kúrò, ìdajì iṣẹ́ náà ni ó kọ.

Ọdún yóò yabo fún gbogbo wa.