Láti Challenge dé Agbowó: Ibi Tí Ìbàdàn Ti Jẹun Dàgbà

Míkírà tí mo wọ̀ ní Challenge kò tíì kún tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀ níwájú ilé oúnjẹ kan, ó sì dárúkọ ilé oúnjẹ tó ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọdé ni awakọ̀, kò mọ̀ ọ́n.

"Mọ́mì, kò síbẹ̀ mọ́ o. Ilé ìtajà fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí."

"Mo mọ̀. Ibẹ̀ náà ni mò ń lọ."

Ọkùnrin tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ ni bàbá òun mú òun lọ jẹ áísìkiriìmù lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò àtiwọ girama jáde. Mo bi í léèrè bóyá ó dùn. Ó ronú díẹ̀. "Ẹ ò rí i, ṣòkòtò funfun ni mo wọ̀. Ìyẹn ni mo rántí. Mi ò fẹ́ kó kán sí i."

Irú ìdáhùn yìí wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ bi ẹni tó dàgbà níbí léèrè ilé oúnjẹ onígíláàsì ìgbà èwe rẹ̀, aṣọ tó wọ̀ àti ẹni tó mú un lọ ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹ bi í léèrè búkà, ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó kù nínú méjèèjì, mo bá gba Ring Road lọ sí Dùgbẹ̀, kí n tó kọjá sí Bódìjà àti Agbowó.

Ring Road

Pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960 ṣì wà ní Òkè-Àdó. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é láti 2010, àmọ́ Liberty ni lẹ́nu àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti bá Gene Fullmer ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Bàbá kan tó ń fọn afẹ́fẹ́ sí táyà nítòsí ibẹ̀ kò bá mi dé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ rárá. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ló ń sọ, èyí tí wọ́n máa ń jẹ níta lọ́jọ́ tí Shooting, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, bá ní ìdíje. Ó ní bí Shooting bá fìdí rẹmi, bọ̀ọ̀lì á ṣì dùn.

Dùgbẹ̀

Ní Dùgbẹ̀, Ilé Kòkó lojú ń kọ́kọ́ rí: àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n fi owó kòkó Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kọ́, tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1965. Iná jó o lọ́dún 1985, ó di 1992 kó tó padà ṣiṣẹ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni Kokodome wà, ilé oúnjẹ tó ní odò ìwẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ti kọ́kọ́ mọ oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì. Obìnrin kan tó ń ṣòwò nítòsí ibẹ̀ sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sí Kokodome, ìyá òun á ti lọ aṣọ sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ní kí ni wọ́n jẹ. Ó ní, "Mo jẹ nǹkan kan tí wọ́n fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé."

Dùgbẹ̀ yìí náà ni Kingsway wà nígbà kan, ṣọ́ọ̀bù iléeṣẹ́ UAC tí àwọn òbí wa máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pè. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni ibi ìjẹun tí wọ́n ń pè ní Kingsway Rendezvous ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì di Mr Bigg's tí UAC ṣí ní Marina l'Ékòó lọ́dún 1986. Nígbà tí Mr Bigg's dé Ìbàdàn, ọjọ́ Àìkú yí padà. Ìsìn á parí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú bàbá wọn. Bí ọkọ̀ bá yà síbi àwọ̀ pupa àti òféèfèé yẹn, ayọ̀ dé: mítì páì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ díndín.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó pa púpọ̀ nínú irú ilé oúnjẹ wọ̀nyẹn. Fíríìsà ò gbọdọ̀ kú, ẹ̀rọ amúlétutù ò gbọdọ̀ dákẹ́, iná ìjọba ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti gbówó lórí, páì náà á gbówó lórí, owó oṣù bàbá ò sì ní kúrò lójú kan.

Nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ yìí náà ni ilé oúnjẹ kan tó jẹ́ ti ará Lẹ́bánónì ti di nǹkan mìíràn lọ́dún 1961. Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ ọ́ di Mbari Club, ibi eré orí ìtàgé, àwòrán àti ewì. Ayé mọ Mbari. Àmọ́ kò sẹ́ni tí mo bi léèrè ní Dùgbẹ̀ tó lè sọ ohun tí wọ́n ń sè nínú ilé náà kí àwọn òǹkọ̀wé tó dé.

Bódìjà

Ilé ìgbé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló sọ Bódìjà di ohun tó jẹ́, láti ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn onípò ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni FoodCo ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó ń ta èso àti ẹ̀fọ́, kó tó di ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ tó tàn dé Èkó. Àmọ́ òórùn tó fà mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe ti èso. Ti igi ìdáná ni, àti ti gbẹ̀gìrì.

Gbogbo ìlú mọ Àmàlà Skye. Nítorí pé ó múlé ti Skye Bank ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2018, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Skye Bank, Polaris sì rọ́pò rẹ̀. Báńkì lọ, orúkọ rẹ̀ kù sára àmàlà. Ọmọ tí kò fowó pamọ́ sí Skye rí á júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún ẹ láìṣìnà.

Mo tò sórí ìlà. Níwájú mi ni onímọ́tò, lọ́yà tó ti tú kọ́là ọrùn rẹ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń ka owó wọn lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, obìnrin kan fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ gírígírí, ó ń fi orógùn ro àmàlà nínú ìkòkò. Àwọn tó ń bu oúnjẹ kò gbójú sókè.

"Mélòó, bọ̀ọ̀dá?"

"Àmàlà méjì. Ẹ da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú. Ògúnfe kan, ṣàkì kan."

"Ẹ ò ní jẹ pọ̀nmọ́?"

"Ẹ fi sí i. Ẹ fi ènì ọbẹ̀ sí i náà, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi kún un.

Iṣẹ́ tó wà nínú abọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Ògùn, ní Sakí, Ìgbòho àti Kíṣì. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tó gbóná dáadáa di ọjọ́ kejì, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, kí ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ọjà Bódìjà ni wọ́n ń kó o wá. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ní láti bọ́ èèpo, kó sì jinná títí yóò fi yọ́ mọ́ omi. Ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja ewédú. Kò sí èyí tó nílò fíríìsà nínú wọn. Ohun tí wọ́n sè láàárọ̀, ó ti tán kílẹ̀ tó ṣú. Ibi tí búkà ti borí ilé onígíláàsì gan-an nìyẹn.

Agbowó

Iwájú ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn ni Agbowó wà. Láyé àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn 1948, kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lọ sí òdìkejì títì nítorí ebi. Gbọ̀ngàn ìjẹun wà ní Mellanby, ní Kuti, ní Queen Elizabeth, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń san. Àwọn àgbà tó gba ibẹ̀ kọjá ò yéé sọ̀rọ̀ adìyẹ ọjọ́ Àìkú. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun fòpin sí bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà náà, kálukú ń wá ti ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, Agbowó sì ń bọ́ wọn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mái ṣáì ti tẹ́ bẹ́ńṣì sílẹ̀, ó ń da tíì láti ife sí ife, ẹyin ń dún nínú epo. Indomie, tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, ló wà lórí iná kejì. Ọmọbìnrin kan tó ń múra ìdánwò sọ fún mi pé bí òun bá jáde nílé ìwé, èyí lòun máa rántí jù. "Tíì ẹ̀ ń dùn ju tilé lọ, sà. Mi ò mọ ohun tó ń fi sí i." Ọbẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kò sọ ohunkóhun nípa aṣọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀nà ìrántí méjèèjì ti ń pàdé báyìí. Lórí ìlà Àmàlà Skye, mo rí ìdílé kan tó ti Èkó wá, ìyàwó wọ léèsì, àwọn ọmọ wọ bàtà tuntun, bàbá ń ya fọ́tò abọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ilé oúnjẹ onígíláàsì tó bá sì fẹ́ pẹ́ ní Ìbàdàn lónìí ti ń ro àmàlà, tó ń bu gbẹ̀gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ díndín. Àwọn ọmọ tí bàtà wọn ń dán lọ́sàn-án yẹn, bí wọ́n bá dàgbà, tí ẹnìkan bi wọ́n léèrè, wọ́n á lè sọ ohun tí wọ́n wọ̀. Wọ́n á sì lè sọ bí ọbẹ̀ náà ṣe rí lẹ́nu.